Ẹnu, Ojú àti Ìdí: Èdè-Ìperí fún Kíkọ́ àti Fífọ Ihò Ìbọn Tuntun ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ìbọn lápatí, kò lápatí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?" Ohun méjì ni òwe yìí fi ń ye onímọ̀ èdè. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ ààbò lórí ìbọn kì í ṣe ohun tí Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu àlejò. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kan wà nínú òwe náà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pa á kò lè fi ìka tọ́ka sí lára ìbọn. Apátí jẹ́ ẹ̀yà kan lára ohun tí ó ń mú kí ìbọn dún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè ibi tí apátí wà, kò dájú pé olùkọ́ náà kò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò wò, bí a bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ́ ihò ìbọn tuntun àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. A gbé iṣẹ́ náà ka ìlú méjì tí nǹkan bí 50 kìlómítà wà láàrin wọn. Ìtàn ìtẹ̀dó Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣeé sọ kí a má dárúkọ ọdẹ, nítorí pé ọdẹ ni Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀, láti àwọn ọdún 1830 tí Aláàfin Àtìbà ti sọ Àgọ́ Ọ̀jà di olú-ìlú, ti jẹ́ ibùjókòó àwọn tí ń fín igbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ. Iṣẹ́ ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àpò tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká àti agbè tí ó ń rọ ẹ̀tù sí.

Kì í ṣe ìfẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ni ó mú wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àṣìṣe wa ni ó fà á, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Gbólóhùn kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pànìyàn

Ní ọdún 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ sì wọ inú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ kan ní kí a bá àwọn túmọ̀ ìwé pélébé kan lórí ìtọ́jú ìbọn sí Yorùbá. Òkè òkun ni a ti kọ ìwé náà. Ìbọn ìgbàlódé ni ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ìyẹn èyí tí a ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí. A jókòó ti tábìlì, a ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, a sì túmọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfi ojú kan ìbọn kan ṣoṣo. Gbólóhùn kẹta inú ìwé náà nìyí:

(1) Ṣí ìdí ìbọn rẹ, kí o sì wo inú ọ̀pá rẹ̀ láti rí i dájú pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

Ní ti gírámà, kò sí àléébù kankan lára gbólóhùn (1). A mú un lọ sí ìpàdé àwọn ọdẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì ń kà á sókè ketekete. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó gbé ìbọn ṣakabùlà tuntun lé itan. Bí a ti ń kà á ni ó ń ṣe é. Ó yí ìbọn náà padà, ó fọwọ́ pa ìdí rẹ̀, ó rí i pé igi ni, igi kò sì ṣeé ṣí. Ó fo apá kìíní gbólóhùn náà, ó mú apá kejì ṣe: ó gbé ojú lé ẹnu ìbọn.

Bàbá kan tí ó jókòó tì í ti gbá ọ̀pá ìbọn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwa tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Bàbá yìí kò sọ̀rọ̀. Ó fa ọ̀pá ìkibọn yọ, ó tì í bọ inú ihò títí tí kò fi lọ mọ́. Àmì kan wà lára ọ̀pá náà tí a fi ọ̀bẹ fá, èyí tí ó máa ń bá ẹnu ìbọn dọ́gba bí ihò bá ṣófo. Lọ́jọ́ náà, àmì ọ̀hún yọ sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ẹ̀tù àti ọta wà nínú ihò.

Nígbà náà ni ó tó kọjú sí wa. Ó ní, "Dókítà, ọmọ mi, ta ni ó sọ fún ọ pé ìdí ìbọn ń ṣí? Igi ni ìdí ìbọn. Ìbọn òyìnbó ni ìwé rẹ ń bá wí, ọmọ tiwa ni ó sì fẹ́ pa." A dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì. A kó gbogbo ẹ̀dà ìwé náà jọ, a sì kó wọn padà sínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ àti àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú méjèèjì, tí a ń ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀.

Ìdí méjì, ìbọn méjì

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí gbólóhùn (1) ti kùnà. Nínú èdè àwọn ọdẹ tí a bá sọ̀rọ̀, *ìdí ìbọn* ni igi tí a ń fi ti èjìká. Ohun tí àwa ní lọ́kàn ni ìpẹ̀kun ọ̀pá irin, níbi tí iná ti ń ran ẹ̀tù. Ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yà méjì. Ìṣòro náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìpẹ̀kun ọ̀pá ìbọn ṣakabùlà kì í ṣí rárá: irin ni a fi dí i pa, ihò tín-ín-rín kan ṣoṣo tí iná ń gbà wọlé ni ó kù níbẹ̀. Ti ìbọn ìgbàlódé ń ṣí, a sì lè ti ibẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ ní ẹnu.

A dá a lábàá pé kí *ìdí ìbọn* dúró gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ ti ń lò ó, kí a sì pe ìpẹ̀kun ọ̀pá ní *ìdí ihò*. Oríṣi ìbọn méjèèjì náà nílò orúkọ:

(2) a. ìbọn akìlẹ́nu: a- + kì + ní + ẹnu
b. ìbọn akìnídìí: a- + kì + ní + ìdí

Ìlànà tí ó ń sọ *ní* di *l-* ṣíwájú fáwẹ́lì tí kì í ṣe /i/ hàn kedere nínú (2a), ó sì dákẹ́ nínú (2b). Kí òǹkàwé tún kíyèsí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe náà. *Kì* ní ohùn ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn náà á di ti àárín, bí ó ti rí nínú *ki ìbọn* àti *ọ̀pá ìkibọn*. Kò sí àbọ̀ tí ó tẹ̀lé e nínú (2), ohùn ìsàlẹ̀ sì dúró. Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá yóò pe ọ̀rọ̀ méjèèjì bí ó ti yẹ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹ̀rí nìyí pé ọ̀rọ̀ náà bá èdè mu.

Àwọn ẹlòmíràn lè sọ pé ìyàtọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún ọdẹ. Òfin ilẹ̀ wa kò rò bẹ́ẹ̀. Òfin Ohun Ìjà Oníná ti ọdún 1959 pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tí a kà léèwọ̀, èyí tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ fún láti fi ṣọdẹ tàbí dáàbò bo ara rẹ̀, àti èyí tí a ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí, tí ìbọn ṣakabùlà wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbọn akìnídìí kì í ṣe àlejò àná. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ẹgbẹ́ ogun sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn lójú ogun. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ohun náà ti wà lọ́wọ́ wa. Orúkọ rẹ̀ ni ó pẹ́ dé.

Ojú àti ẹnu

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro fún onímọ̀ èdè-ìperí tó *ojú*. Ojú ni a fi ń ríran. Ojú ni iwájú orí. Ojú ọ̀nà, ojú ọgbẹ́, ojú omi àti ojú abẹ́rẹ́ kò jọ ara wọn. Bí a bá gbọ́ *ojú ìbọn*, ẹnìkan lè rò pé ihò ni, bí ti abẹ́rẹ́. Ẹlòmíràn lè rò pé ibi tí a fi ń wo ẹran kí a tó yìn ín ni. Nínú òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀, *dojú rẹ̀ kọ* kò dárúkọ ẹ̀yà kankan. Ìhà tí ìbọn kọjú sí ni ó ń sọ.

Nítorí náà, a kò gba *ojú* wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìperí fún ẹ̀yà ọ̀pá ìbọn. *Ẹnu ìbọn* kò ní ìṣòro yìí: gbogbo àwọn tí a bi léèrè ni ó fi ọwọ́ kan ibì kan náà. Inú ọ̀pá, láti ẹnu dé ìpẹ̀kun, ni *ihò ìbọn*. Etí ẹnu náà, níbi tí ọta ti ń fi ìbọn sílẹ̀, ni a sọ ní *ètè ìbọn*. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bí ètè bá ya díẹ̀, tàbí bí irin bá ti jẹ ẹ́ ní apá kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò ti apá ibẹ̀ kọ́kọ́ jáde, yóò sì ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ní ìbọn akìnídìí fi ń ti ìdí ihò wọlé fọ̀ ọ́ sí ọ̀nà ẹnu. Ọdẹ tí ó ní akìlẹ́nu kò ní ọ̀nà mìíràn ju ẹnu lọ. Òun ni ó gbọ́dọ̀ lo ọ̀pá onígi tàbí ti idẹ, kí ó sì fi ìka méjì di ọ̀pá náà mú láàárín ihò gan-an, kí ó má baà máa ha ètè.

Èérí: ohun tí ẹ̀tù ń fi sílẹ̀

A kò lè sọ bí a ṣe ń fọ ihò bí a kò bá sọ ohun tí a ń fọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀tù dúdú, tí àwọn ọdẹ ń lò nínú ṣakabùlà, kì í jó tán. Nígbà tí ó bá jó, ohun tí ó lé ní ìlàjì ìwọ̀n rẹ̀ kì í di afẹ́fẹ́. Líle ni ó kù. Apá kan nínú rẹ̀ ni èéfín funfun tí ó ń bo ojú ọdẹ. Apá yòókù lẹ̀ mọ́ ara ihò. Orúkọ tí a fún ohun yìí ni *èérí ẹ̀tù*.

Èérí ẹ̀tù kì í ṣe èédú lásán. Oríṣiríṣi iyọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn iyọ̀ wọ̀nyí a sì máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ inú àwo tí a kò dé ní àkókò òjò ti máa ń rin. Ìbọn tí a yìn lálẹ́ tí a sì gbé kọ́ ara ògiri lè ti máa làágùn nínú ihò kí ilẹ̀ tó mọ́. Sọ́fọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òun ni ó ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́ nígbà tí omi bá kàn án.

Ní ọdún 1884, Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe irú ẹ̀tù mìíràn tí kì í rú èéfín tó bẹ́ẹ̀. A pe èyí ní *ẹ̀tù aláìléèéfín*. Èérí rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ń ti ọta sáré ju ti àtijọ́ lọ. Òjé tí kò wọṣọ kò lè gba irú eré bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni a fi ń wọ bàbà fún ọta. Bí ọta aláṣọ bàbà ti ń há ihò kọjá, bàbà díẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ irin. Ó wá di oríṣi mẹ́ta: *èérí ẹ̀tù*, *èérí òjé*, *èérí bàbà*. Ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ohun tí ó ń ṣí ọ̀kan kì í ṣí èkejì. Omi ni ó ń ṣí èérí ẹ̀tù dúdú. Omi kò rí èérí bàbà gbé ṣe. Oògùn tí amóníà wà nínú rẹ̀ ni ó ń yọ́ ọ. Àmì rẹ̀ kò sì ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀: àkísà yóò jáde ní àwọ̀ aró. Bí àkísà kò bá pa aró mọ́, bàbà ti tán.

Fọ̀, nù, ha, pa

Ìwé tí a túmọ̀ lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A sì fi *fọ̀* rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo, bí ẹni pé iṣẹ́ kan ni. Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi ni a fi ń *fọ* nǹkan. Àkísà ni a fi ń *nù ún*. Ohun tí ó ti gan mọ́ ara irin ni a ń *ha*. Epo ni a sì fi ń *pa* á. Iṣẹ́ mẹ́rin ni, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ìbọn ni ó bàjẹ́ nítorí pé olówó rẹ̀ fo ìkíní, ó sì lọ sí ìkẹrin. Ọdẹ kan ní Ọ̀yọ́ fi ìbọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà hàn wá. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti igbó dé ni ó ń fi àdí pa inú àti òde rẹ̀. Òde ń dán bí idẹ, ṣùgbọ́n inú ti di kòtò kòtò. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé epo kì í yọ́ iyọ̀. Àdí tí ó fi pa á kàn dé iyọ̀ náà mọ́ ara irin ni.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí dáadáa. Orí ọta ìbọn wọn ní àkókò ogun àgbáyé ní iyọ̀ tirẹ̀ nínú èròjà tí ń dá iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tù aláìléèéfín ni wọ́n ń lò. Omi híhó ni a kọ́ wọn láti dà gba inú ihò kọjá kí wọ́n tó nù ún kí wọ́n sì fi epo pa á. Omi gbígbóná ní àǹfààní méjì: ó ń tètè yọ́ iyọ̀, ó sì ń mú kí irin náà gbóná, kí omi tí ó ṣẹ́kù lè yára gbẹ.

Ìdógùn-ún tàbí ìpáàrà?

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń du ipò kan níhìn-ín. *Ìpáàrà* ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ láti inú Bíbélì, ní Mátíù orí kẹfà. Ní ilé alágbẹ̀dẹ, *dógùn-ún* ni a ń gbọ́: irin dógùn-ún, àdá dógùn-ún. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa fẹ́ kí a mú ọ̀kan kí a ju èkejì nù. Èrò tiwa ni pé kí a jẹ́ kí méjèèjì ṣiṣẹ́. *Dógùn-ún* jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí irin, a sì lè ti inú rẹ̀ ṣẹ̀dá *ìdógùn-ún* fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà. *Ìpáàrà* jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ pọ́ńbélé. Kí ó jẹ́ orúkọ fún ohun pupa tí ó hù lára irin. Ìdógùn-ún ni ìṣẹ̀lẹ̀, ìpáàrà ni àbájáde. Olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nílò méjèèjì, nítorí pé ènìyàn lè ha ìpáàrà kúrò láìdá ìdógùn-ún dúró.

Ilà lílọ́

Ihò ìbọn ṣakabùlà dán gbọọrọ. Ihò ìbọn kan wà tí a kọ ilà sí nínú, tí ilà náà sì ń lọ́ bí ó ti ń lọ láti ìdí ihò dé ẹnu. Ilẹ̀ Jámánì ni a ti mọ iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí ó wà fún ni láti mú kí ọta máa yí bí ó ti ń lọ. Ọmọ tí ó bá ti ta òkòtó rí mọ ìdí rẹ̀: òkòtó tí ó ń yí a máa dúró ṣánṣán; bí ó bá dáwọ́ yíyí dúró, á ṣubú. Ọta tí ó ń yí kì í takìtì lójú afẹ́fẹ́.

A pe èyí ní *ilà lílọ́*, ìbọn tí ó ní i ni *ìbọn onílà*. Kí àwọn òǹkọ̀wé ṣọ́ ohùn wọn: *ilà* ni èyí, irú èyí tí a ń kọ sí ojú, bí àbàjà àti pélé, kì í ṣe *ìlà*, tí a ń fà sórí ìwé. A kò kàn fà á ni, a gé e wọ inú irin. Fún ibi tí ó jìn àti ibi tí ó yọ, oko ni a lọ yá ọ̀rọ̀: *poro* ni ibi tí a gé, *ebè* ni ibi tí ó yọ láàrin poro méjì. Inú poro ni èérí máa ń sá pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí búrọ́ọ̀ṣì fi gbọ́dọ̀ máa bá ilà yí bí ó ti ń lọ, tí kò sì gbọdọ̀ yí padà láàárín ọ̀nà.

Ìkọ́hò

A dé orí ọ̀rọ̀ tí ó fa àríyànjiyàn jù lọ. Ọ̀pá ìbọn tuntun kì í dán délẹ̀. Irin tí a fi lu ihò rẹ̀ ti fi ojú ọ̀nà tín-ín-rín sílẹ̀, ọta àkọ́kọ́ á sì máa fi bàbà sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe ìbọn onílà sọ pé kí a yin ọta kan, kí a fọ ihò títí èérí bàbà yóò fi tán, kí a tún yin ọ̀kan, kí a tún fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà bíi mélòó kan, kí a wá máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọta mẹ́ta tàbí márùn-ún. Wọ́n ní ihò á máa dán sí i, èérí á sì máa dín kù. Àwọn mìíràn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà bákan náà sọ pé àṣedànù ni, pé ọ̀pá tí a ṣe dáadáa kò nílò rẹ̀, àti pé ìnù àṣejù gan-an lè ba ihò jẹ́. Ohun tí wọn kò jiyàn lé lórí ni pé kí a fọ epo àti ìyẹ̀fun irin inú ihò kúrò kí a tó yìn ín nígbà àkọ́kọ́.

Kí ni kí a pe iṣẹ́ yìí? Orí tábìlì wa ni a ti kọ́kọ́ ṣẹ̀dá *ìmúhòdán*: ì- + mú + ihò + dán. Ó dùn mọ́ wa nínú, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ hàn gbangba. Nígbà tí a padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, a ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún bàbá tí ó gba ìbọn lójú ọmọkùnrin ọjọ́sí. A kò dárúkọ kankan fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣebí kíkọ́ ni ẹ ń kọ́ ọ. Bí a bá mú ajá tuntun wọ igbó, a kì í jẹ́ kí ó lé ẹran jìnnà lọ́jọ́ kìíní. Á lé e díẹ̀, a ó pè é padà, a ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ẹ̀gún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a ó tún ṣe bẹ́ẹ̀."

Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti rí *ìkọ́hò*: ì- + kọ́ + ihò. Bí a bá sọ ọ́ ní *ìkọ́bọn*, àwọn kan lè rò pé ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń yin ìbọn ni. *Ihò* ni ó mú un tọ́. A fi *ìmúhòdán* sílẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹwà èdè, bí kò ṣe nítorí òtítọ́. Ẹni tí ó bá sọ *ìmúhòdán* ti sọ pé ihò á dán, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀-ìperí kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ tí ìwádìí kò tíì dá. *Ìkọ́hò* sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ó sì fi àbájáde sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lọ wọ̀n ọ́n.

Kí a má ṣì í mú fún *ìdánwò ọ̀pá*. Ìdánwò ni kí a yin ọ̀pá tuntun pẹ̀lú ẹ̀tù tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ, níbi tí ènìyàn kò sí, láti mọ̀ bóyá yóò bẹ́. Láti ọdún 1813 ni òfin ti dá ilé ìdánwò irú èyí sílẹ̀ ní Birmingham, ìlú tí ọ̀pọ̀ ìbọn tí a kó wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti wá. Iṣẹ́ àwọn tí a fún ní àṣẹ ni, kì í ṣe ti ọdẹ nínú àgbàlá rẹ̀. Ọ̀pá tí ó ṣubú nínú ìdánwò kò sí ohun tí ìkọ́hò lè ṣe fún un.

Ìwé pélébé tí a tún kọ

Lẹ́yìn gbogbo èyí, a tún ìwé náà kọ fún àwọn tí ó ní ìbọn akìlẹ́nu. A yọ *o* kúrò, a fi *ẹ* sí i, nítorí pé kò yẹ kí ìwé máa pàṣẹ fún Olúọdẹ bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Ó kà báyìí:

(3) a. Ẹ má ṣe gbé ojú sí ẹnu ìbọn fún ohunkóhun, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ ògbólógbòó.
b. Ẹ fi ọ̀pá ìkibọn wọn ihò, kí ẹ má ṣe na ara tàbí orí sí ọ̀kánkán ẹnu ìbọn. Bí àmì ara rẹ̀ kò bá bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ẹrù wà nínú ihò. Ẹ má ì fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e fún àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tú.
c. Bí ihò bá ṣófo, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ yìn ín gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a. Ẹ rí i pé ihò tín-ín-rín ìdí rẹ̀ là.
d. Ẹ fi àkísà nù ún títí àkísà yóò fi jáde ní gbígbẹ àti ní mímọ́.
e. Ẹ fi epo ẹ̀rọ pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá sí, ẹ lo àdí tàbí òrí.
ẹ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún nù ún. Bí àkísà bá pọ́n, ìdógùn-ún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà sí (c).
f. Kí ẹ tó tún ki ìbọn, ẹ nu epo inú ihò kúrò pátápátá.

A kà á fún àwọn ọdẹ ní ìlú méjèèjì. Ní Ọ̀yọ́, ọdẹ tí inú ìbọn rẹ̀ ti di kòtò bi wá léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ irú èyí sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí. A kò rí èsì fún un. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá wa ní kí a tún (b) kà lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí sì kà á ní ẹ̀ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn aṣáájú wa ti ṣe. Láti 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní 1984 ni ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Ọ̀nà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ó là sílẹ̀ kò tíì gba ilé alágbẹ̀dẹ kọjá bí ó ti yẹ.

Ohun tí a rí kọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Kí a fi ọwọ́ kan nǹkan kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Kí a bi oníṣẹ́ léèrè kí a tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, nítorí pé ó lè ti ní i lẹ́nu. Kí a sì fi ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá ránṣẹ́ padà sí ibi tí wọn yóò ti lò ó, kí a jókòó, kí a wo ohun tí ọwọ́ wọn yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Gbólóhùn (1) kò ní àṣìṣe gírámà kankan. Ọ̀pá ìkibọn ni ó fi àṣìṣe rẹ̀ hàn wá, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin.